Orí Kìíní: Bí A Ṣe Ń Jókòó Ti Sáyẹ́ǹsì ní SS1

Bí o bá ń ka orí yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín yín sí kíláàsì ni. Àwọn kan lọ sí Art, àwọn kan lọ sí Commercial, ìwọ sì bá ara rẹ ní Science. Ní ọdún mẹ́ta tí o lò ní JSS, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni sáyẹ́ǹsì. Láti ìsinsìnyí lọ, ó ti di mẹ́ta: físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì, olúkúlùkù pẹ̀lú tíṣà tirẹ̀ àti nótì tirẹ̀. Ìṣirò náà kò ní fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Inú físíìsì gan-an ló ti máa ń ká ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba A ní JSS ni ẹnu máa ń yà nígbà tí máàkì sáà àkọ́kọ́ bá dé ní SS1. Orí wọn kò ṣàdédé kú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàwé ni kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Ní JSS, ẹni tó bá fi alẹ́ ọjọ́ kan ka nótì rẹ̀ lè jí lọ kọ ìdánwò kó sì yege. Ní SS1, ẹ̀kọ́ kan ń gun orí òmíràn ni: ẹni tí kò mọ ohun tí mole jẹ́ ní sáà kìíní kò ní rí ẹsẹ̀ gbé kalẹ̀ nígbà tí titration bá dé. Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí o mú dání jáde nínú orí yìí: ohun tí o lè sọ, tí o lè ṣírò, tí o sì lè fọwọ́ ara rẹ ṣe nígbà tí a ti pa ìwé dé, òun nìkan ni o mọ̀. Ìyókù, ìwé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dúró dè ọ́

Ọdún mẹ́ta dà bí ohun tó jìnnà, ṣùgbọ́n ó dára kí o ti mọ bí ìdánwò àṣejáde ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mú kẹ́mísírì ti WAEC bí àpẹẹrẹ. Bébà mẹ́ta ni. Bébà kìíní jẹ́ objective, ìbéèrè 50 fún wákàtí kan, máàkì 50. Bí o bá pín wákàtí náà sí 50, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 12 ló bọ́ sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kò sí àyè à ń wo àjà. Bébà kejì ni theory, wákàtí méjì, máàkì 100. Bébà kẹta ni practical, wákàtí méjì, máàkì 50.

Ro ó pọ̀. 200 ni gbogbo rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì wà nínú yàrá practical. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kì í ṣílẹ̀kùn yàrá yìí títí di oṣù díẹ̀ ṣáájú WAEC, tí wọ́n á wá kó gbogbo SS3 wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kó èrò sọ́kọ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi rẹ kọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò jókòó ìdánwò. Bá tíṣà rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ máa wá fọ ohun èlò lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹni tó ń fọ búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ásíìdì, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò ní gbọ̀n nígbà tó bá dì í mú lọ́jọ́ WAEC.

Nínú kíláàsì

Tíṣà ń retí pé kí o dé ní àsìkò, kí o mú nótì àná wá, kí o sì ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kí agogo tó lù, kì í ṣe kí o máa dà á kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn lẹ́yìn kíláàsì. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Èyí tó nílò àlàyé ni ọ̀rọ̀ nótì. Ohun tó wà lójú pátákó ni gbogbo ènìyàn ń dà kọ. Ohun tí tíṣà fi ẹnu sọ nígbà tó kọjú sí yín, tó ní "ẹ wò ó, ibí ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà," èyí gan-an kì í sí nínú nótì ẹnikẹ́ni. Fi rúlà fa ilà sí apá òsì ojú ewé, kí o fi àyè bí ìka mẹ́ta sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàá máa kọ irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tó bá di alẹ́, ibẹ̀ náà ni wàá kọ ìbéèrè tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú nótì ń dáhùn sí. Bí nótì bá sọ pé ooru máa ń mú kí irin gùn sí i, kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: kí ló dé tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín irin ojú ọ̀nà rélùwéè?

Ìbéèrè bíbéèrè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ọmọ tó bá ń bi àgbà ní ìbéèrè jù, aláfojúdi ni. Nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè wà lára iṣẹ́, bí o bá ti béèrè rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n má ṣe dìde kí o ní "Sà, kò yé mi," kí o sì jókòó. Kí ni kò yé ọ? Tíṣà kò lè mọ̀. Wá ibi tí okùn ti já, kí o tọ́ka sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó yé mi títí dé ibi tí ẹ ti pín 25 sí 1000. Kí ló dé tí a fi pín in?" Ìdáhùn èyí kò gùn, pé cm³ 1000 ló wà nínú dm³ kan, a sì ń yí èyí tó wà nínú pìpẹ́ẹ̀tì padà sí èyí tí fọ́múlà ń lò ni. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì kíláàsì mí kanlẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni àwọn náà há sí.

Bí a ṣe ń kàwé kó má bàa ṣí lọ

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1885 lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó to àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ jọ, ó há wọn sórí, ó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ó rí i pé ìgbàgbé kì í fi falẹ̀ rárá. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá ń rọra yọ́ ìyókù kó. Èyí fi hàn pé alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan ṣe pàtàkì ju alẹ́ ọjọ́ ìdánwò lọ.

Kí wá ni kí o ṣe ní alẹ́ náà? Ọ̀pọ̀ yóò ní kí o ka nótì ní àkàtúnkà. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Washington University, ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan fi sáà mẹ́rin kà á. Àwọn mìíràn fi sáà kan kà á, wọ́n wá fi mẹ́ta tó kù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló mókè: wọ́n rántí 83%, àwọn kejì rántí 71%. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, eré yí padà. Àwọn alákàtúnkà ti já sí 40%, àwọn tó ń yẹ ara wọn wò sì ṣì ní 61% lọ́wọ́. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé àwọn alákàtúnkà yìí gan-an ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn á rántí.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹni tó ń wọ dáńfó láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣòdì lójoojúmọ́ rò pé òun mọ ọ̀nà náà, títí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́. Ojú rẹ ti mọ nótì náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń kí ọ kú àbọ̀, o sì rò pé ó ti yé ọ.

Nítorí náà, ṣe báyìí. Ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Pa á dé. Mú bébà òfìfo, kí o kọ gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn rẹ, kí o ya àwòrán, kí o kọ fọ́múlà pẹ̀lú ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Yóò dùn ọ́. Wàá rí i pé ohun tí o rò pé o mọ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Jẹ́ kó dùn ọ́ bẹ́ẹ̀; ìgbìyànjú láti fà á jáde yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa kọ ohun tí o fò. Ní ọjọ́ kẹta, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kan náà. Bébà tó ní bírò pupa yẹn ni kí o tọ́jú de ìdánwò. Ó wúlò fún ọ ju ìwé ńlá lọ, torí ibi tí ìwọ gan-an kù sí ló wà níbẹ̀.

Ní ti ìṣirò inú físíìsì àti kẹ́mísírì, kíka àpẹẹrẹ tí tíṣà ti ṣe kò tó. Fi ọwọ́ bo ojútùú rẹ̀, kí o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá há sí ibì kan, ṣí ìlà kan péré, kí o tún bo ìyókù.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé TDB ni àwọn fi ń yege, pé àwọn kì í sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Má dá wọn lóhùn. Nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ sí ipò rẹ̀, ẹni tí kò sì sùn kò ní lè ka búrẹ́ẹ̀tì tọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ti fóònù, gbé e sí yàrá mìíràn nígbà tí o bá ń kàwé. Bí o bá fi wo fídíò ẹ̀kọ́, ó dára, ṣùgbọ́n fídíò náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ bébà òfìfo.

Ọwọ́ lórí búrẹ́ẹ̀tì

Jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni máàkì ti ń dànù láìnídìí.

Titration ni iṣẹ́ náà: a fẹ́ mọ bí omi sodium hydroxide kan ṣe lágbára tó, a sì ní hydrochloric acid tí a mọ agbára tirẹ̀, 0.100 mol/dm³. Ásíìdì ń lọ sínú búrẹ́ẹ̀tì. Fi omi ṣan búrẹ́ẹ̀tì náà, lẹ́yìn náà fi ásíìdì díẹ̀ ṣàn án, torí bí omi bá kù nínú rẹ̀, yóò là á. Pìpẹ́ẹ̀tì, fi sodium hydroxide ṣàn án. Ṣùgbọ́n omi lásán ni kí o fi ṣan conical flask. Bí o bá fi sodium hydroxide ṣàn án, èyí tó bá kù nílẹ̀ á lé kún cm³ 25 tí o fi pìpẹ́ẹ̀tì wọ̀n sínú rẹ̀, èsì rẹ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Yọ fọ́nẹ̀lì kúrò lórí búrẹ́ẹ̀tì kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi tí ẹ̀kán tó há sínú fọ́nẹ̀lì já bọ́ ní àárín iṣẹ́, tí ọmọ náà sì ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú omi náà, kí o ka ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò. Bí o bá dúró lókè wò ó, nọ́ńbà mìíràn ni wàá rí. Kán methyl orange bíi ẹ̀kán méjì sínú flask, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Wàá máa fi ọwọ́ òsì yí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì, wàá máa fi ọ̀tún mi flask. Àwọ̀ ìyeyè ni yóò wà, lẹ́yìn náà ásíìdì yóò máa fi pupa díẹ̀ hàn níbi tó bá já sí, pupa náà á sì máa sá lọ. Nígbà tí kò bá tètè sá lọ mọ́, dín in kù sí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló máa sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn. Bó bá ti di pupa fòò, o ti kọjá ibẹ̀.

Kọ nọ́ńbà rẹ pẹ̀lú ipò méjì lẹ́yìn ààmì ìdá: 24.50 ni, kì í ṣe 24.5. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwọ̀n ojú, ká ní ó jẹ́ 24.90. Ìkejì jẹ́ 24.50, ìkẹta 24.40. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí kò fi ju 0.20 lọ jìnnà síra wọn, nítorí náà àwọn ni a ó kó jọ pín sí méjì: 24.45 cm³. Níwọ̀n bí ásíìdì kan ti ń bá básì kan lọ nínú ìyípadà yìí, agbára sodium hydroxide náà jẹ́ 0.100 × 24.45 ÷ 25.0, tó fún wa ní 0.0978 mol/dm³.

Má ṣe yí nọ́ńbà rẹ padà nítorí pé ti ẹni tó jókòó tì ọ́ yàtọ̀. Ní WAEC, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ yóò ṣe titration náà fúnra rẹ̀, yóò sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń gbé tìrẹ wò. Bí o bá da ti aládùúgbò rẹ kọ, tí òun náà sì ti ṣì í, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lọ. Irú ọwọ́ kan náà ni mo fi mú èkìsípò. Kí WAEC tilẹ̀ má fagi lé èsì rẹ, wàá bá ara rẹ nínú yàrá practical yunifásítì ní ọdún kìíní, ìwọ nìkan pẹ̀lú búrẹ́ẹ̀tì.

Àwọn òfin ìṣọ́ra kò pọ̀. Ásíìdì la máa ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi sínú ásíìdì líle, torí ooru rẹ̀ lè mú kó ta síni lójú. Má wọ sálúbàtà wọlé, di irun tàbí hijab rẹ dáadáa, má jẹun níbẹ̀, má sì ki imú bọ ẹnu ìgò. Ọwọ́ la fi ń fẹ́ òórùn rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara ẹni.

Bí kò bá sí ohun èlò

Físíìsì kò nílò ohun tó pọ̀. Wá okùn, so òkúta kékeré kan mọ́ ọn, kí o so ó kọ́ sí ibi tí kò mì. Wọn okùn náà láti ibi tí o so ó kọ́ títí dé àárín òkúta, kó jẹ́ 100 cm. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí o fi sílẹ̀. Bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, òdo ni kí o pè é, kì í ṣe ení. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í níbẹ̀. Nígbà tó bá lọ tó bọ̀, ó di ení. Fi fóònù ka àkókò tí yóò gbà fún ogún àlọbọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 40, tàbí bíńtín lé, ni wàá rí. Wá dín okùn kù sí 25 cm. Ogún àlọbọ̀ yóò gba nǹkan bí 20. O dín okùn kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò sì dín kù sí ìdajì péré. Jókòó ti ìyẹn díẹ̀ kí o tó ṣí ìwé wo fọ́múlà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ogún, tí a kò ka ẹyọ kan? Àtàǹpàkò rẹ lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.2 kí ó tó tẹ fóònù. Lórí àlọbọ̀ kan tó gba 2, àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Lórí 40, kò tó nǹkan.

Sọ ọ́ ní Yorùbá

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi bi ọ́, o sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kíráàmù Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè kà á láìfò kí ó má sì mọ ohun tó ń wí.

Wá ẹnìkan nílé tí kò ka sáyẹ́ǹsì, kí o ṣàlàyé evaporation fún un. Ká ní ìyá àgbà ni. Ó mọ̀ tipẹ́ pé omi inú àmù tutù ju omi inú ike lọ, ó sì mọ̀ pé ó tún máa ń tutù sí i nígbà ọyẹ́. Òun ni yóò bi ọ́ pé kí ló fà á. O gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ara àmù ní ihò tí ojú kò lè rí, pé omi ń gba ibẹ̀ yọ síta díẹ̀díẹ̀, pé kí omi tó lè di oru ó ń gba ooru, ara omi tó kù nínú àmù ló sì ti ń gbà á. Bó bá ní "ọyẹ́ ńkọ́?", tí o dákẹ́, o ti mọ ojú ewé tí wàá padà sí lálẹ́ yìí.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Mú nótì kan láti ọ̀sẹ̀ yìí, kí o kọ ìbéèrè márùn-ún sí apá òsì rẹ̀. Fún ọ̀rẹ́ rẹ ní ìbéèrè náà láìfún un ní nótì.

2. Kí ló dé tí àmù fi ń tutù sí i nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ? Kọ ọ́ ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì.

3. Ṣe ti okùn àti òkúta ní 100, 80, 60, 40 àti 25 cm. Ya gíráàfù gígùn okùn àti àkókò àlọbọ̀ kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ìyẹn T². Ṣé ó tọ́ tààrà?

4. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ èyí sílẹ̀: ìgbà kìíní, láti 0.00 sí 25.10, ìgbà kejì, láti 25.10 sí 49.6, ìgbà kẹta, láti 0.00 sí 24.60. Èwo ni kò kọ bó ṣe yẹ? Àwọn wo ni yóò kó jọ, kí sì ni ìdáhùn? Ẹni tó jókòó tì í kọ 24.55 fún ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìsí ìyàtọ̀ kankan. Kí ló lè mú kí tíṣà fura sí i?